Nípa orí tó ń yún àti irun tó ń já

Ẹ ní orí ń yún yín, ohun funfun bí eérú ń bọ́ sí yín léjìká, irun yín sì ń já. Ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ fi kún òróró tí ẹ ń fi pa á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fi kún un. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, ojú mi sì rí nǹkan.

Èrò mi nígbà náà ni pé orí tó bá ń bó, gbígbẹ ló gbẹ. Bó bá ti yún mi báyìí, ìpara ni mo máa gbé. N kì í fọ irun àfi tí mo bá tú u lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí ìpara ṣe ń pọ̀ sí i ni orí ń yún mi sí i, débi pé mo họ ọ́ títí ó fi degbò.

Dókítà awọ ara ló là mí lójú. Ó ní fọ́ńgọ́ọ̀sì kan tí ojú lásán ò lè rí, Malassezia, wà lórí gbogbo wa, òróró orí ló sì ń jẹ. Èmi ni mo ń bọ́ ọ láràárọ̀! Ó ní kí n máa fi ṣanpú tí ketoconazole, oògùn tó ń gbógun ti fọ́ńgọ́ọ̀sì, wà nínú rẹ̀ fọ orí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí n jẹ́ kó wà lórí fún ìṣẹ́jú 5 kí n tó ṣan án. Ìṣẹ́jú 5 yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Tẹ́lẹ̀, bó bá ti ń hó ni mo máa ń ṣan án dànù. Kí oṣù kan tó pé, orí ò yún mi mọ́.

Irun tó lọ́ mọ́ra bíi tèmi, òróró tó ń ti awọ orí jáde kì í tètè dé ṣóńṣó rẹ̀. Ìyẹn ni orí fi lè kún fún òróró kí ṣóńṣó irun sì gbẹ. Nítorí náà, awọ orí ni mo ń fi ṣanpú sí, orí ìka ni mo fi ń fọ̀ ọ́, kì í ṣe èékánná. Ṣóńṣó irun ló ni kọndíṣọ́nà. Ìgbà tí kọndíṣọ́nà yẹn ṣì wà lára irun ni mo ń fi òòyà tí eyín rẹ̀ jìnnà síra yà á, láti ṣóńṣó lọ sí ìdí, torí irun tútù kò lágbára tó gbígbẹ. Tí mo bá ṣe tán, mo máa ń fi aṣọ tẹ omi rẹ̀ kúrò ni, n kì í fi ra á.

Ẹ tún wo irun tó ń bọ́ yẹn dáadáa. Irun 50 sí 100 lè bọ́ lórí èèyàn lójúmọ́ láìsí àìsàn kankan. Èyí tó bọ́ fúnra rẹ̀ máa ń ní kókó funfun kékeré ní ìdí. Èyí tó kúrú tí kò ní kókó, jíjá ló já, tiwa gan-an nìyẹn.

Bí wọ́n bá sì di irun yín le débi pé ẹ ò lè sùn, ẹ tú u lóru ọjọ́ náà. Èmi fara dà á. Lápá òsì iwájú orí mi, irun ò tíì hù padà níbẹ̀ títí di òní.