Òkúta inú àpò òróòro ọmọ SS: ẹ má dúró dé pàjáwìrì

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹ ní síkáànù fi hàn pé òkúta wà nínú àpò òróòro ọmọ yín, ọmọ ọdún 19 tó jẹ́ SS (tó ní àrùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sickle cell). Dókítà ní kí ẹ múra iṣẹ́ abẹ, owó ò tíì délẹ̀, àwọn kan sì ń sọ pé òróró ólífì pẹ̀lú omi ọsàn wẹ́wẹ́ á fọ̀ ọ́ dànù.

Kò lè fọ̀ ọ́ o. Kóró aláwọ̀ ewé tó ń bá ìgbẹ́ ẹni tó mu ún jáde, tí wọ́n ń pè ní òkúta, òróró tí wọ́n mu ló di ọṣẹ nínú ìfun. Òkúta ọmọ SS sábà máa ń dúdú. Inú ẹ̀jẹ̀ tó ń tètè fọ́ ló ti ń wá, kì í ṣe inú ọ̀rá, ìdí nìyẹn tó fi ń mú ọmọ tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́. Òróró púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sì máa ń mú kí àpò náà fún pọ̀, ó lè ti òkúta kékeré sójú ihò tí òróòro ń gbà kọjá.

Ẹ̀jẹ̀ ló fa òkúta, ṣùgbọ́n owó ló ń sọ ìgbà tí wọ́n máa yọ ọ́. Ìrora abẹ́ ìhà ọ̀tún tó ń yọ sí ẹ̀yìn tàbí èjìká lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n á fi oògùn ọgbẹ́ inú láti kẹ́mísì tẹ̀ ẹ́ fún oṣù púpọ̀, tàbí kí wọ́n ní kíráísìsì (ìrora tí SS máa ń fà) ni. Ojú pọ́n bí ìyeyè, wọ́n á ní ibà pọ́njú, agbo ló kàn. Ẹ̀yin ti kọjá ibẹ̀. Ẹ wo ìwé síkáànù yẹn: bí ògiri àpò bá ju mìlímítà 3 lọ, tàbí tí ihò òróòro bá ju 6 lọ, ẹ gbé e padà fún dókítà lọ́sẹ̀ yìí.

Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n mú ọjọ́ fún lè jẹ́ oníhò kékeré 3 tàbí 4, ọmọ á sì tètè lọ sílé. Pàjáwìrì lóru sábà máa ń di ikùn tí wọ́n là gbọọrọ, ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ń wá kiri, ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 láìgbé ẹrù. Ẹni tó ń tajà ò rí owó kankan pa títí yóò fi san, ẹni tó ń ṣètọ́jú rẹ̀ náà ò lọ síbi iṣẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá ń dá àjọ, ẹ bẹ olórí àjọ pé ẹ̀yin ni kó kọ́kọ́ kó o. Bí ẹ bá ní ìṣedúró ìlera, irú Ìlera Èkó ti ìpínlẹ̀ Èkó, ẹ béèrè kí ẹ tó mú ọjọ́ bóyá iṣẹ́ abẹ yìí wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì gba nọ́ńbà àṣẹ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ wá ará ilé tó máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú. PCV (ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ inú ara) bí 30 ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ kí wọ́n tó là á. Tí wọ́n bá ti ní kó má jẹun má mu, ẹ ní kí wọ́n fa omi sí i lára. Ẹ má jẹ́ kí òtútù mú un. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kó máa mí kanlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tó bá fi wà lójúfò, torí àyà ọmọ SS tètè máa ń ní ìṣòro lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Ojú ọmọ SS lè ti máa pọ́n tẹ́lẹ̀, ẹ ya fọ́tò ojú rẹ̀ lójúmọmọ báyìí tí ara rẹ̀ le. Bí ó bá pọ́n ju ti fọ́tò lọ, bí ìgbẹ́ bá funfun bí ẹfun, bí ibà àti gbígbọ̀n bá dé, tàbí tí ìrora bá ju wákàtí 5 lọ, ẹ gbé e lọ lóru ọjọ́ náà, owó ì báà pé, ì báà má pé.