Olówó Nínú Ìdìbò: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa

Nígbà tí a tẹ àròkọ kan jáde nípa iye owó tí ìpolongo ìbò ń gbà lóde òní, lẹ́tà tí ó wọlé sí wa pọ̀ ju ohun tí ojú ìwé yìí lè gbà lọ. A yan díẹ̀ nínú wọn, a gé èyí tí ó gùn jù kúrú, a sì fi orúkọ àwọn tí ó kọ wọ́n pamọ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi kò rí ohun tí ó burú nínú kí olówó ná owó ara rẹ̀ láti fi dé ipò. Ẹni tí ó ti lówó kò ní jalè, kò sì sí baba ìsàlẹ̀ kankan tí yóò máa pàṣẹ fún un. Ẹni tí ó tọrọ owó káàkiri kí ó tó lè díje gan-an ni ó yẹ kí á máa bẹ̀rù. Àbí kò rí bẹ́ẹ̀? (Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì)

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, olùkọ́ wa. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yín, àwọn adájọ́ ńlá sì ti sọ ohun tí ó jọ ọ́ ṣáájú yín. Ní 1976, nínú ẹjọ́ tí Buckley pe Valeo, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà pinnu pé òfin lè dá ààlà sí iye tí ẹlòmíràn lè fi ta olùdíje lọ́rẹ, nítorí pé ọrẹ tí ó bá tóbi jù lè di àbẹ̀tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n pé òfin kò lè dá ààlà sí iye tí olùdíje ń ná nínú owó ara rẹ̀, nítorí pé bí ó bá ṣe ń ná tirẹ̀ tó ni kò ṣe ní í máa wojú ẹlòmíràn. Láti ìgbà náà, olówó tí ó bá fẹ́ dupò ní Amẹ́ríkà lè ná an bí ó bá ṣe wù ú.

Ibi tí èmi àti ẹ̀yin ti pínyà ni ibi tí ẹ ti sọ pé ẹni tí ó ti lówó kò ní jalè. Lọ́nà kìíní, owó tí a ń rí lọ́wọ́ olùdíje kì í fìgbà gbogbo jẹ́ tirẹ̀. Ní ọdún 63 ṣáájú ìbí Jésù, Julius Caesar yá owó ńlá láti fi du ipò olórí àlùfáà ní Róòmù. Àwọn òpìtàn àtijọ́ kọ ọ́ pé ní àárọ̀ ọjọ́ ìbò, bí ìyá rẹ̀ ti ń sin ín dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú omijé, ó sọ fún un pé bí òun kò bá padà wá gẹ́gẹ́ bí olórí àlùfáà, òun yóò sá kúrò nílùú ni. Ó wọlé, gbèsè sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, nígbà tí ó fẹ́ lọ ṣe gómìnà ní Spéènì, àwọn tí ó jẹ lówó kò fẹ́ jẹ́ kí ó gbéra, àfi ìgbà tí Crassus, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́rọ̀ tí ó ga jù ní Róòmù, dúró fún un. Ogun tí ó jà ní Spéènì ni ó fi rí owó tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi san án. Ẹ jẹ́ kí á wò ó dáadáa: àwọn ará Spéènì, tí wọn kò mọ nǹkan kan nípa ìbò tí wọ́n dì ní Róòmù, ni wọ́n san owó rẹ̀.

Ọ̀nà kejì gan-an ni ó le jù, nítorí pé ọlọ́rọ̀ kò nílò láti jalè kí ó tó jèrè. Silvio Berlusconi ni ó ni ìkànnì tẹlifíṣọ̀n aládàáni mẹ́ta tí ó tóbi jù ní Ítálì nígbà tí ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀ sílẹ̀. Oṣù díẹ̀ péré lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹta 1994, òun àti àwọn alájọṣe rẹ̀ borí ìbò, ó sì di olórí ìjọba. Nígbà tí ó tún padà sórí àga, ilé ẹjọ́ kan pàṣẹ pé kí Rete 4, ọ̀kan nínú ìkànnì mẹ́ta náà, kúrò lórí afẹ́fẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń rí, kí ó bọ́ sórí sátẹ́láìtì. Ilé aṣòfin, níbi tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ti pọ̀ jù, wá ṣe òfin tuntun lórí tẹlifíṣọ̀n. Ààrẹ Ciampi kọ̀ láti fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá 2003, ó dá a padà. Wọ́n tún un ṣe díẹ̀, ó sì di òfin ní 2004. Rete 4 kò lọ síbì kan. Nínú gbogbo èyí, kò sí ẹni tí ó ki ọwọ́ bọ àpò ìjọba. Olùkọ́ wa, ẹni tí ẹ ní kò ní baba ìsàlẹ̀ yìí, okòwò rẹ̀ ni baba ìsàlẹ̀ rẹ̀, òun àti okòwò rẹ̀ kò sì lè jà láéláé. Ẹni tí ó tọrọ owó lọ́wọ́ ẹgbẹ̀rún ènìyàn lè dalẹ̀ ẹnì kan nínú wọn nítorí ìlú. Ta ni yóò dalẹ̀ ara rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ṣé owó ń mú ènìyàn wọlé ìbò lóòótọ́? Bloomberg, olówó tí ó fẹ́ di ààrẹ ní Amẹ́ríkà, ná ju bílíọ̀nù dọ́là kan lọ, ó sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ó dà bí ẹni pé ariwo lásán ni à ń pa. (Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì)

ÌDÁHÙN: Michael Bloomberg wọ ìdíje fún ipò ààrẹ ní oṣù Kọkànlá 2019, ó sì jáde ní oṣù Kẹta 2020. Nínú gbogbo ibi tí wọ́n ti dìbò nígbà náà, erékùṣù American Samoa nìkan ni ó ti ṣe ipò kìíní. Ṣáájú rẹ̀, ní 1992, Ross Perot, olówó tí òun náà du ipò ààrẹ, fi owó ara rẹ̀ ra ààbọ̀ wákàtí léraléra lórí tẹlifíṣọ̀n, ó jókòó pẹ̀lú àtẹ àti ọ̀pá ìnàka bí olùkọ́, ó ń ṣàlàyé gbèsè ìjọba. Ó rí nǹkan bí ibò mọ́kàndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n kò borí ní ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo. Ní oṣù Kẹrin 2025, Elon Musk àti àwọn ẹgbẹ́ tí ó so mọ́ ọn ná ju 20 mílíọ̀nù dọ́là lọ lórí ìdíje fún ipò adájọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ẹni tí wọ́n sì tì lẹ́yìn fìdí rẹmi. Bí a bá dúró síbí, ọ̀rọ̀ yín ni yóò lékè.

Ṣùgbọ́n ẹ tún wo Bloomberg kan náà. Ó ti ṣe olórí ìlú New York lẹ́ẹ̀mẹta, owó ara rẹ̀ ni ó sì ná ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìgbìmọ̀ ìlú náà yí òfin padà ní 2008 kí ó lè díje lẹ́ẹ̀kẹta. Ní 2009 ó ná ju 100 mílíọ̀nù dọ́là lọ, iye tí alátakò rẹ̀ kò lè sún mọ́, ó sì fi ohun tí kò tó ibò márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún borí. A kò lè fi gègé fa ìlà sábẹ́ ibò tí owó rà nínú ìyẹn. Ohun tí a rí ni pé níbi tí gbogbo ayé bá ti mọ àwọn olùdíje, tí wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn lójoojúmọ́, owó tí a dà lé e kì í yí ọkàn ènìyàn padà tó bí àwọn tí ń ta ìpolówó ti ń sọ. Níbi tí a kò bá ti mọ ẹnì kankan, tàbí tí ìyàtọ̀ àárín àwọn méjì kéré, owó díẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìdìbò abẹ́lé, tí ìwọ̀nba ènìyàn ń dì, fi jẹ́ oko tí olówó fẹ́ràn jù.

Ohun kan wà tí ó ń da ìṣirò yìí rú fún àwọn tí ń ṣe ìwádìí. Àwọn olówó kì í fẹ́ wọ ọkọ̀ tí yóò rì, nítorí náà ẹni tí ó ti fẹ́ borí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń rọ́ owó fún. Bí a bá wá rí i pé ẹni tí ó ná jù ni ó wọlé, a kò lè tètè mọ̀ bóyá owó ni ó gbé e wọlé, tàbí wíwọlé tí ó ń bọ̀ ni ó pe owó.

Lójú tèmi, iṣẹ́ tí owó ṣe jù ti parí kí a tó tẹ ìwé ìdìbò. Nígbà tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ bá jókòó láti wo ẹni tí wọn yóò fà kalẹ̀, ìbéèrè tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde ni pé, «Ṣé agbára rẹ̀ ká a?», gbogbo ẹni tí ó wà nínú yàrá náà ni ó sì mọ̀ pé kì í ṣe agbára ìmọ̀ ni wọ́n ń béèrè. Olùdíje tí ó lè gbọ́ bùkátà ara rẹ̀ fi owó sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ láti ná sí ibòmíràn, nítorí náà wọ́n á gbé e borí nọ́ọ̀sì tàbí olùkọ́ tí ó mọ ìṣòro àdúgbò bí ẹni mowó. Nọ́ọ̀sì yẹn kò ní sí nínú àkọsílẹ̀ àwọn tí ó fìdí rẹmi, nítorí pé kò díje rárá. Bloomberg tí ó pàdánù ni a ń rí. Àwọn tí a kò rí yìí pọ̀ jù ú lọ.

ÌBÉÈRÈ: Bí wọ́n bá fún mi lówó kí n tó dìbò, tí mo gbà á, tí mo sì dìbò fún ẹlòmíràn tí ó wù mí, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni mo dá? (Oníṣòwò)

ÌDÁHÙN: Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹni tí ó fúnni àti ẹni tí ó gbà ni òfin ń mú. Èmi kì í sábà bá ẹni tí ebi ń pa wí lórí ọ̀rọ̀ yìí tó bí mo ti ń bá ẹni tí ó gbé owó wá wí, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ẹ ti rẹ́ ẹ jẹ. Láti 1856, nígbà tí Victoria àti South Australia, agbègbè méjì ní Australia, bẹ̀rẹ̀ ìbò bòókẹ́lẹ́, tí Gẹ̀ẹ́sì sì tẹ̀ lé wọn ní 1872, àwọn tí ń ra ìbò ti mọ̀ pé àwọn kò lè rí ohun tí ẹ tẹ̀ sórí ìwé, wọ́n sì ti wá ọgbọ́n mìíràn. Nígbà míràn wọ́n ń sanwó fún àwọn tí ó ti fẹ́ràn wọn tẹ́lẹ̀ kí wọ́n ṣá ti jáde, tàbí fún àwọn alátakò kí wọ́n jókòó sílé, nítorí pé gbogbo ojú ni ó lè rí ẹni tí ó jáde àti ẹni tí kò jáde. Nígbà míràn wọ́n á ní kí ẹ fi fóònù ya ìwé ìdìbò yín. Ìdí nìyẹn tí Ítálì fi ka fóònù léèwọ̀ nínú àgọ́ ìdìbò ní 2008. Bí ẹ bá sì jàjà bọ́ nínú gbogbo rẹ̀, ìgbà tí ẹ bá lọ bá a fún ọ̀nà tí ó bàjẹ́ tàbí ilé ìwòsàn tí kò ní dókítà, yóò rán yín létí pé òun kò jẹ yín ní gbèsè. Ẹnu tí ó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo.

ÌBÉÈRÈ: Òfin wo gan-an ni ó ti ṣiṣẹ́ rí? Ẹ má kàn sọ fún wa pé kí á la ojú wa. (Amòfin)

ÌDÁHÙN: Òfin tí mo bọ̀wọ̀ fún jù ni èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1883, lẹ́yìn tí ìná-àpà ìbò 1880 ti dójú tì wọ́n. Ó dá ààlà sí iye tí olùdíje lè ná ní àgbègbè rẹ̀, ó sì pàṣẹ pé ọwọ́ aṣojú kan ṣoṣo ni gbogbo owó náà gbọ́dọ̀ gbà kọjá, kí ó lè jẹ́ pé ẹnì kan wà tí a ó bi léèrè. Iye tí wọ́n ná lápapọ̀ já wálẹ̀ gan-an nígbà tí wọ́n dìbò ní 1885. Àmọ́ olùdíje nìkan ni òfin náà mú. Owó tí ẹgbẹ́ òṣèlú ń ná káàkiri orílẹ̀-èdè kò ní ààlà títí di 2000.

Ibẹ̀ ni ihò máa ń wà: bí a bá dí ọ̀nà kan, owó á gba ibi tí a kò wò kọjá. Amẹ́ríkà ka ọrẹ àwọn iléeṣẹ́ fún olùdíje léèwọ̀ láti 1907, ṣùgbọ́n ní 2010, nínú ẹjọ́ Citizens United, ilé ẹjọ́ wọn fi ìbò adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin pinnu pé iléeṣẹ́ lè ná iye tí ó bá wù ú láti polówó olùdíje, bí kò bá ṣáà ti bá olùdíje náà gbìmọ̀ pọ̀. Íńdíà gba ọ̀nà tí ó tún burú jù: láti 2018, ẹnikẹ́ni lè ra ìwé owó kan ní báńkì ìjọba kí ó fún ẹgbẹ́ òṣèlú, láìjẹ́ pé aráàlú mọ orúkọ rẹ̀. Ní oṣù Kejì 2024, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù níbẹ̀ fagi lé e, ó ní ẹni tí yóò dìbò ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀, ó sì pàṣẹ kí báńkì kó orúkọ jáde. Kíá ni àwọn oníròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọjọ́ tí iléeṣẹ́ kan ra ìwé wé ọjọ́ tí ó gba iṣẹ́ ìjọba. Ní ti owó ara ẹni tí a fi bẹ̀rẹ̀, Kánádà kò gba ohun tí Amẹ́ríkà gbà: olùdíje fún ilé aṣòfin níbẹ̀ kò lè fi ju 5,000 dọ́là owó ara rẹ̀ sínú ìpolongo.

Ẹ óò bi mí pé, ta ni yóò fìyà jẹ arúfin? Ní Faransé, Nicolas Sarkozy ná ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì iye tí òfin fàyè gbà nínú ìbò ààrẹ 2012. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n 2021 ni, ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìbò. Bí ó bá jẹ́ pé ó wọlé ni, yóò ti lo sáà rẹ̀ tán. Nítorí náà, ẹ̀yin amòfin, bí ẹ bá ń kọ òfin lọ́la, ẹ jẹ́ kí àkọsílẹ̀ owó jáde kí a tó dìbò, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mo fẹ́ díje fún ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, n kò sì lówó. Ṣé kí n jókòó? (Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n)

ÌDÁHÙN: Má jókòó. Ipò kékeré ni ẹsẹ̀ àti ẹnu ṣì ti lè bá owó du nǹkan, nítorí pé àwọn olùdìbò kò pọ̀ ju èyí tí o lè kàn sí ní ojúlé sí ojúlé lọ. Ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà ń fún olùdìbò kọ̀ọ̀kan ní ìwé owó mẹ́rin, dọ́là 25 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti fi ta olùdíje tí ó bá wù ú lọ́rẹ, láti 2017; bí irú rẹ̀ kò bá sí níbi tí o wà, ìwọ fúnra rẹ lè béèrè owó kékeré lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kí o tó gba fọ́ọ̀mù, ní kí ẹgbẹ́ rẹ kọ gbogbo iye tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ rẹ sílẹ̀, pẹ̀lú èyí tí wọn kì í fún ní rìsíìtì. Bí ẹnì kan bá sì ní òun yóò gbé ìdajì ìnáwó rẹ, kọ́kọ́ bi í ní ohun tí ó ń fẹ́, kí ẹlẹ́rìí sì wà níbẹ̀ nígbà tí ó bá ń dáhùn.