Ẹ Bi Wá: Owó Dọ́là Méjì àti Ẹ̀tọ́ Ìbọn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Houston ni mo ń gbé. Mo ti gba gíríìnkáàdì, mo sì ní ìbọn ìléwọ́ kan nílé. N kò tíì lè dìbò, ara mi kò sì gba ìwọ́de. Báwo ni mo ṣe lè ti ẹ̀tọ́ ìbọn lẹ́yìn nídìí ọjà tí mò ń rà àti láàárín àdúgbò?

Ìdáhùn: Ẹ ti ń dáwó sí i, ẹ kàn lè má mọ̀ ni. Òfin Pittman-Robertson ti 1937 ló ń darí owó orí tí ìjọba àpapọ̀ ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ìbọn sí ìtọ́jú ẹranko ìgbẹ́: 10 nínú 100 lórí ìbọn ìléwọ́, 11 lórí ìbọn gígùn àti ọta. Ó ti wà nínú iye tí ẹ san ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn iléeṣẹ́ ẹranko ìgbẹ́ ti ìpínlẹ̀ ló ń gbà á, wọ́n sì lè fi kọ́ pápá ìyìnbọn fún aráàlú.

Ní ti pípa ọjà ẹnìkan tì, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tí ẹ fẹ́ pa ọjà rẹ̀ tì. Ní March 2000, Smith & Wesson, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ìbọn, bá ìjọba Ààrẹ Clinton ṣe àdéhùn lórí bí wọ́n á ṣe máa ṣe ìbọn àti bí wọ́n á ṣe máa tà á. Inú bí àwọn oníbọn, wọ́n sì fi ọjà náà sílẹ̀. Tomkins, iléeṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ni ín, ti rà á ní mílíọ̀nù 112.5 dọ́là ní 1987; mílíọ̀nù 15 ló tà á ní 2001, pẹ̀lú gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ó dun iléeṣẹ́ náà torí pé oníbọn ni oníbàárà rẹ̀. Walmart náà pinnu ní 2019 pé òun kò ní ta ọta ìbọn ìléwọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ̀ níbẹ̀ pé ẹ kò wá ra tòmátò? Bí ẹ bá máa yẹra fún ṣọ́ọ̀bù kan, ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún máníjà, lẹ́ẹ̀kan péré, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tútù.

Èyí tó wù wá jù ni owó dọ́là méjì. Orí Thomas Jefferson ló wà lára rẹ̀, àwọn oníbọn sì ń ná an torí pé "méjì" bá Àtúnṣe Kejì inú ìwé òfin Amẹ́ríkà mu, èyí tó dá lórí ẹ̀tọ́ láti ní ìbọn. Ní February 14, 2012, wọ́n fi ra kọfí ní Starbucks láti fi dúpẹ́ pé iléeṣẹ́ náà ń tẹ̀ lé òfin ìpínlẹ̀, kò lé oníbọn. Ẹ béèrè rẹ̀ ní báńkì. Bí kò bá sí, kí wọ́n bá yín wá ìdì kan, 100 ẹyọ, 200 dọ́là. Àwọn ẹ̀rọ kan á kọ̀ ọ́. Àpótí owó ṣọ́ọ̀bù kì í sábà ní àyè fún un, ọmọdé tó ń gbowó sì lè rò pé ayédèrú ni. Ẹ ní sùúrù fún un, kí ẹ sì fi típù sílẹ̀. Ẹ má ṣáà fi ìbọn ṣe ìran wò. Àwọn kan gbé ìbọn gígùn kọ́ èjìká wọ Starbucks náà, nígbà tó sì di September 2013, ọ̀gá ibẹ̀, Howard Schultz, bẹ oníbàárà pé kí wọ́n má gbé ìbọn wá mọ́.

Ẹ máa ka pátákó ẹnu ọ̀nà. Nọ́ńbà òfin ló máa ń wà lára rẹ̀: ní Texas, 30.06 ń kọ ìbọn abẹ́ aṣọ fún ẹni tó ní láísẹ́ǹsì, 30.07 ń kọ èyí tó hàn síta, 30.05 wà fún ẹni tí kò ní láísẹ́ǹsì. Fáìnì rẹ̀ lè tó 200 dọ́là. Bí wọ́n bá wá fẹnu sọ pé kí ẹ jáde tí ẹ kò jáde, ọ̀ràn náà á wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹnìkan tí ẹ mú lọ pápá ìyìnbọn fún ìgbà àkọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ ju ọgọ́rùn-ún sítíkà ara mọ́tò lọ. Ìbọn .22, tí ọta rẹ̀ kéré, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí kì í fi bẹ́ẹ̀ ta padà síni lọ́wọ́. Ẹ gbé àmì sí nǹkan bíi yáàdì márùn-ún sí méje. Kí ó lo ìdétí àti awò ojú, kí ó má sì wọ bùbá ọlọ́rùn gbígbòòrò: èèpo ọta gbígbóná máa ń já sí àyà, ẹni tí iná jó á sì fẹ́ yí padà pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́. Ọta kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́kọ́ kì sí i. Lẹ́yìn rẹ̀, kí ó fọwọ́ kó tó jẹun, nítorí òjé inú ọta, tó jẹ́ májèlé.

Fún àwọn aládùúgbò tó ní ọmọ, àwọn ọlọ́pàá ní ọ̀pọ̀ ìlú ń fúnni ní àgádágodo oníwáyà lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ ètò Project ChildSafe. Ẹ yọ ilé ọta, ẹ ṣí ìbọn, ẹ fojú wò ó, ẹ fìka kàn án pé kò sí ọta nínú rẹ̀. Ẹ wá ti wáyà náà gba ojú ibi tí èèpo ọta ń gbà jáde, kó yọ nísàlẹ̀ níbi tí ilé ọta ń wọ̀, kí ẹ sì tì í. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n kàn fi yí ibi tí ìka ń wọ̀ ká. Ìbọn náà ṣì lè pa.

Ìbéèrè: Físà akẹ́kọ̀ọ́ ni mo fi wà ní Dallas. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ mú mi lọ pápá. Ṣé kò léwu?

Ìdáhùn: Ó léwu o. Òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí ẹni tó fi irú físà yẹn wọlé ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, títí kan èyí tí wọ́n yá a ní pápá. Ẹ̀gbọ́n yín tó gbé e lé yín lọ́wọ́ náà lè jìyà rẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ kan tó wà ni láísẹ́ǹsì ọdẹ ti ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, tí kò tíì kọjá àkókò. Ti ọlọ́dọọdún ní Texas máa ń parí ní August 31, torí náà ẹ ka ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ kí ẹ tó jáde nílé, kí ẹ sì mú un dání.