Ìpè wa ń já ní ìdajì ìṣẹ́jú, lọ́ọ̀gì ò sì sọ nǹkan kan

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń mójú tó sáfà tá a fi ń gba ìpè oníbàárà lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi iṣẹ́ wa. Láti ìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ rútà ọ́fíìsì, tá a bá gbé ìpè, a ó máa gbọ́ra wa dáadáa, ṣàdédé ló máa já, ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú. Mo ti wo lọ́ọ̀gì, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tí sáfà ń ṣe, títí ojú fi ń ta mí, ohun tó wà níbẹ̀ ò ju pé ìpè parí lọ. Mo tiẹ̀ ti ki print, àṣẹ tó ń mú kóòdù kọ ohun tó ń ṣe jáde, bọ inú kóòdù wa káàkiri, pàbó ló já sí. Kí ni kí n ṣe? (Ọmọ Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, kú ìrọ́jú. Ṣé o ti ka sẹ́kọ́ǹdì yẹn? Bó bá jẹ́ 32 ni, kò lé kò dín, mo ti mọ ibi tá a máa lọ wò.

Jọ̀ọ́, kọ́kọ́ yọ àwọn print yẹn kúrò, torí sọ́fítíwià tó ń gbé ohùn sábà máa ń rán páákẹ́ẹ̀tì kan, ìyẹn ègé ohùn kékeré, ní mílísẹ́kọ́ǹdì 20 síra, ìyẹn 50 ní sẹ́kọ́ǹdì kan, tó o bá wá ń dá a dúró pé kó máa kọ̀wé, àkókò ẹ̀ á yí, ohun tó ò ń wá á sì sá fún ẹ. Ẹ̀gbẹ́ ni kó o ti máa wò ó. Fi tcpdump, irinṣẹ́ tó ń ṣẹ̀dà ohun tó ń kọjá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, gba gbogbo ohun tó ń wọ sáfà àtohun tó ń jáde, ṣí fáìlì ẹ̀ nínú Wireshark tó máa ń túmọ̀ ẹ̀, lọ sí Telephony, VoIP Calls, mú ìpè kan, tẹ Flow Sequence. Á yàwòrán fún ẹ bí àkàbà: òpó kan fún ẹni tó pè, òpó kan fún sáfà yín, ọfà ń lọ ń bọ̀ láàárín méjèèjì, àkókò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọfà kọ̀ọ̀kan.

Wàá rí INVITE (ẹnì kan ń pè yín) tó wọlé, 180 Ringing (aago ń dún) tó jáde, lẹ́yìn náà 200 OK nígbà tẹ́ ẹ gbé e. ACK, ìyẹn mo ti gbọ́ látọ̀dọ̀ ẹni tó pè, ló yẹ kó padà wá lẹ́yìn ìyẹn, èmi ò sì rò pé wàá rí i. 200 OK yẹn kan náà ni sáfà á máa tún rán, lẹ́yìn ìdajì sẹ́kọ́ǹdì, lẹ́yìn ẹyọ kan, lẹ́yìn 2, lẹ́yìn 4, ó di 4, 4, 4, títí á fi pé 32, ló bá sọ ìrètí nù, ló bá rán BYE, ìyẹn ó dàbọ̀. RFC 3261 tọdún 2002, ìwé ìlànà SIP tí wọ́n fi ń ṣètò irú ìpè yìí, ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀: ìdajì sẹ́kọ́ǹdì lọ́nà 64. Ìdí tí lọ́ọ̀gì fi ní ìpè parí nìyẹn, lójú tiẹ̀ ó parí lóòótọ́.

Wá tẹ ọfà 200 OK yẹn, ka ìlà Contact inú ẹ̀, ibẹ̀ ni sáfà ti ń sọ àdírẹ́sì tí kí wọ́n fèsì sí. Bó o bá bá àdírẹ́sì tó fi 192.168 bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, àdírẹ́sì inú ilé yín lẹ fún ẹni tó wà níta, ACK ò lè dé ọ̀dọ̀ yín láéláé. Ohùn ń lọ torí ọ̀nà tiẹ̀ yàtọ̀. Ó lè jẹ́ rútà àtijọ́ ló ń bá yín tún àdírẹ́sì yẹn kọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Fi àdírẹ́sì tí íntánẹ́ẹ̀tì mọ̀ yín sí sínú sẹ́tíǹgì sáfà, kó o tún ìpè kan gbà, kó o wo àkàbà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí ACK ò bá tíì yọjú, fi àwòrán ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ṣùgbọ́n pa nọ́ńbà oníbàárà rẹ́ ná.