Etí ọmọ mi di: ilé-ẹ̀kọ́ wo ni kí ó lọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ọmọ ọdún márùn-ún ni ọmọbìnrin mi. Àrùn yírùnyírùn (meningitis) ṣe é nígbà ọyẹ́ tó kọjá, láti ìgbà náà ni kò sì ti gbọ́ ohun tí a ń sọ mọ́. Ìyá ọkọ mi ní kí ó wà nílé títí etí rẹ̀ yóò fi là. Ọkọ mi fẹ́ kí ó padà sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń lọ tẹ́lẹ̀. Èmi ń ronú ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití ní Ìbàdàn, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí pé bí ó bá ti mọ èdè ọwọ́, kò ní fi ẹnu sọ̀rọ̀ mọ́.
Ìyá ọmọ kan, Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ohun kan wà tí kò gbọdọ̀ dúró de ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́: lẹ́yìn yírùnyírùn, eegun lè hù dí inú etí lọ́hùn-ún láàárín oṣù díẹ̀, bí ó bá sì ti dí, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ sínú etí yóò ṣòro gan-an. Iṣẹ́ abẹ náà wọ́n, kì í sì í ṣe gbogbo ilé ni agbára wọn ká a, ṣùgbọ́n ẹ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn etí ní ilé-ìwòsàn UCH Ìbàdàn tàbí ti LAUTECH Ogbómọ̀ṣọ́ ní kíákíá, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣì ń gbọ́ díẹ̀.

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún ìyá ọkọ yín, a kò fara mọ́ kí ọmọ jókòó sílé. Ní ti ẹ̀rù tó ń bà yín, èdè ọwọ́ kọ́ ló ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ. Àìgbọ́ ohùn ara rẹ̀ àti ti ẹlòmíràn ni. Ẹ máa bá a sọ Yorùbá lójúkojú, kí ọwọ́ yín sì máa sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Yírùnyírùn náà ló sọ Andrew Foster ti Amẹ́ríkà di adití ní ọmọ ọdún 11. Ó gboyè ní yunifásítì ní 1954, òun ló sì dá ilé-ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí ọkọ yín ń sọ lè gba ọmọ tí etí rẹ̀ kò dí tán, tí ó ní ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀, tí olùkọ́ sì ń kọjú sí i sọ̀rọ̀. Bí tiyín kò bá gbọ́ nǹkan kan, tí olùkọ́ kankan níbẹ̀ kò sì mọ èdè ọwọ́, yóò kàn máa da ohun tó wà lójú pátákó kọ láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀ ni. Ibi tí yóò ti rí àwọn ọmọ àti àgbàlagbà adití tó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ ni ó yẹ ẹ́. Ọ̀yọ́ yín gan-an ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tí a mọ̀ sí Special wà láti bí i ogójì ọdún ó lé, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ tí yóò máa kọ́ adití. Ẹ lọ bá wọn, kí ẹ béèrè ilé-ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ yín jù lọ, nítorí èmi kò fẹ́ kí ọmọ ọdún márùn-ún máa gbé bọ́dìn bí ọ̀nà mìíràn bá wà. Bí ó bá dàgbà, ilé-ẹ̀kọ́ bí Methodist Grammar School, Bódìjà, ń kọ́ adití àti ẹni tó ń gbọ́rọ̀ nínú ọgbà kan náà. Òfin ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019 sì fún un ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé sẹ́kọ́ńdìrì.

Nígbà tí ẹ bá dé Special, ẹ béèrè ẹni tí yóò kọ́ ẹ̀yin, ọkọ yín àti ìyá ọkọ yín ní èdè ọwọ́ pẹ̀lú, kí ọmọ lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀ bí ó bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé.