Fóònù nìkan ni ọlọ́pàá kọ sílẹ̀

Ẹ̀gbọ́n tó bèèrè bóyá ó yẹ kí ìjọba ka krípító (owó orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi Bitcoin) sí dúkìá, kó dáàbò bò ó, kó sì ṣòfin lé e lórí, èsì tèmi ni pé ó yẹ, ó ti pẹ́ tó ti yẹ. Mo rí àwọn tó ní kí ìjọba má dá sí i rárá. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Kubwa ní Àbújá ni mò ń gbé, iṣẹ́ àwòrán orí kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe fún àwọn ará òkè òkun. Nígbà tí CBN pàṣẹ ní oṣù kejì 2021 pé kí báńkì ti àkáǹtì àwọn tó ń ṣòwò krípító, P2P, ìyẹn ká máa rà ká máa tà láàárín ara wa, la fàbọ̀ sí, a ò sì rò pé a nílò ìjọba kankan.

Lóṣù kọkànlá 2022, mo wọ ọkọ̀ ní Berger lálẹ́. One chance ni. Wọ́n fi ọ̀bẹ tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní kí n ṣí báńkì mi. ₦14,000 péré ló wà níbẹ̀. Èyí tó kéré jù nínú wọn ló rí wálẹ́ẹ̀tì tí mo ń kó krípító sí lórí fóònù mi. 1,840 USDT (krípító tí ẹyọ kan rẹ̀ tó nǹkan bíi dọ́là kan), iṣẹ́ oṣù mẹ́rin, ni mo fi ọwọ́ ara mi tẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n tó jù mí sílẹ̀.

Ọlọ́pàá tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì kì í ṣe èèyàn burúkú, omi ló kọ́kọ́ fún mi mu. Ó kọ fóònù sílẹ̀: irú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀, iye tí mo rà á. Ó kọ ₦14,000. Nígbà tí mo dé orí USDT, ó gbé bíírò sókè. “Ṣé náírà ni?” Mo ní rárá. “Dọ́là ni?” Mo ní ó jọ ọ́. “Níbo wá ló wà?” Mo ṣàlàyé títí. Ó wò mí, ó ṣí ojú ìwé kejì, ó ní kí n fọwọ́ sí i.

Ohun tó dùn mí jù ni pé mò ń rí owó yẹn. Àdírẹ́sì wálẹ́ẹ̀tì tó gbà á wà ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni ló lè wò ó. Fún ọjọ́ mọ́kànlá, tí mo bá ti kírun àsùbáà tán, mo á yọjú wò ó. 1,840, kò mira. Ní ọjọ́ kejìlá ó wọ ilé ìpààrọ̀ krípító kan. Mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n sì tètè fèsì: àwọn lè di àkáǹtì náà mú, bí ọlọ́pàá tàbí ilé ẹjọ́ bá kọ̀wé sáwọn. Ìwé ọlọ́pàá tó wà lọ́wọ́ mi, fóònù àti ₦14,000 ló wà nínú ẹ̀. Lọ́yà tí mo lọ bá ní Wuse ní kí òun tó lè bẹ adájọ́ kó di nǹkan mú, òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jà á pé nǹkan ni, owó iṣẹ́ rẹ̀ á sì jẹ ju ìdajì owó náà lọ. Mo fi í sílẹ̀.

Ní Ìlú Ọba, láti 2019 ni adájọ́ kan ti ní ohun ìní ni Bitcoin, ìyẹn ló fi rí àyè di èyí táwọn ajínigbé-dátà (àwọn tó ń ti fáìlì ilé iṣẹ́ pa títí wọ́n á fi sanwó) gbà mú. Ní oṣù kejìlá 2025 wọ́n kọ ọ́ sínú òfin. Níbí, Finance Act 2023 ti ka krípító mọ́ dúkìá tí wọ́n ń gba owó orí lórí èrè rẹ̀, mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni nígbà náà. Ta ni ń gbowó orí lórí ohun tí ọlọ́pàá kò lè kọ sílẹ̀? Òfin ìdókòwò tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní 2025 fi í sábẹ́ SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìdókòwò, inú mi dùn sí i, àwọn onígbájúẹ̀ tó ń kó owó olówó nílò pàṣán. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣòwò ni òfin yẹn kọjú sí jù. Ẹni tí wọ́n já tirẹ̀ gbà lọ́wọ́ ń kọ́? Opó tí ọkọ rẹ̀ fi krípító sílẹ̀ fún nínú wálẹ́ẹ̀tì ń kọ́?

Tó bá ṣẹlẹ̀ sí yín kí òfin tó dé ibẹ̀, ẹ da àdírẹ́sì olè náà àti nọ́ńbà ìfiránṣẹ́ (transaction ID) kọ sórí ìwé, kí ẹ ní kí ọlọ́pàá kọ méjèèjì sínú ọ̀rọ̀ yín, lẹ́tà kan tẹ̀lé èkejì. Ẹ má fọwọ́ sí i títí tí ẹ fi máa rí i níbẹ̀. Èmi fọwọ́ sí tèmi láìrí i.