Béèsì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, ẹ má tíì ka iye fóònù inú páálí

Àǹtí mi, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ, pé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yín n'Íbarà, Màmá wà nísàlẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, ẹ̀yin àtàwọn ọmọ wà lókè, ilé ìdáná wà lọ́ọ̀ọ́kán lẹ́yìn, ẹ wá ń wá kọ́dílẹ́ẹ̀sì, fóònù ilé tí kò ní okùn, tẹ́ ẹ lè máa fi fóònù kún díẹ̀díẹ̀, àti pé oníṣọ́ọ̀bù kan ní Kútọ̀ gbé oní-méjì kan, béèsì kan pẹ̀lú fóònù méjì, sílẹ̀ fún yín, ó ní "ẹ lè fi kún un nígbàkigbà tó bá wù yín." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n sọ fún èmi náà, owó tí mo sì ná kí n tó gbọ́n, mi ò fẹ́ kí ẹlòmíì tún ná an.

Tèmi rèé. Ilé bàbá mi n'Ítokò là ń gbé, ilé àtijọ́, ògiri alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́, ó nípọn débi pé ọmọdé lè gun ojú fèrèsé kó káwọ́ kó kásẹ̀ síbẹ̀. Àpáta wà lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀yin náà mọ Abẹ́òkúta, tí àpáta bá ti dábùú ilé báyìí, nẹ́tíwọ̀kì di àwátì, ojú fèrèsé òkè nìkan ni fóònù wa ti ń gbé dáadáa, nísàlẹ̀ níbi tí Bàbá ń sùn, kò sí nǹkan kan. Tí wọ́n bá fẹ́ pè mí lóru, wọ́n á fi ọ̀pá wọn kan àjà. Nígbà tí ikọ́ fée wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lẹ́nu ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ti ọ̀pá.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ló kó oní-méjì àkọ́kọ́ wá láti Amẹ́ríkà, ọjà tuntun nínú páálí, wọ́n kọ DECT 6.0 gàdàgbà sí i lára (DECT ni ètò tí kọ́dílẹ́ẹ̀sì fi ń bá béèsì ẹ̀ sọ̀rọ̀). Mo yọ ọ́, mo ki ádápítọ̀ béèsì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì láì wo ìdí ẹ̀. 120 fóltì ni wọ́n kọ síbẹ̀, iná tiwa ńkọ́, 230. Kò pẹ́ rárá tí òórùn ike tó ń jó gba gbogbo pálọ̀. Orí bá mi ṣe é, ádápítọ̀ nìkan ló jó, béèsì ò kú, mo wá ádápítọ̀ mìíràn sí i, mo sì ra transfọ́mà tó ń sọ 230 di 110, ó ṣiṣẹ́, a sì dúpẹ́.

Ibi tí mo ti wá kọ́gbọ́n ni fóònù kẹta, èyí tí mo fẹ́ fi sí ilé ìdáná. Mo lọ ra ẹyọ kan n'Íkẹjà, orúkọ ilé iṣẹ́ kan náà ló wà lára ẹ̀, àwọ̀ kan náà, kódà bọ́tìnnì wọn jọra. Mo délé, mo tẹ bọ́tìnnì tó wà lára béèsì títí iná ẹ̀ fi ń ṣẹ́jú, mo tẹ 0000 sínú fóònù tuntun bí ìwé ẹ̀ ṣe wí, ó ń wá béèsì, ó ń wá, ó ń wá, ó ní òun ò rí. Odindi alẹ́ méjì ni mo fi ṣe é. Mo rò pé fóònù yẹn ló bàjẹ́ ni mo bá gbé e padà, oníṣọ́ọ̀bù fi béèsì tiẹ̀ dán an wò, ó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà!

Ṣé ẹ rí i, DECT tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù tó sì wọ́pọ̀ lọ́jà wa níbí, orí ìgbì 1880 sí 1900 MHz ló ti ń sọ̀rọ̀. Ti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní DECT 6.0, 1920 sí 1930 MHz ni. Wọn ò lè gbóhùn ara wọn láé, ìbáà jẹ́ ilé iṣẹ́ kan ló ṣe méjèèjì. 6.0 yẹn gan-an, orúkọ ọjà lásán ni, kì í ṣe pé ó ju DECT tó kù lọ. Èyí tó tún burú ńbẹ̀ ni pé láti 1920 lọ sókè dé 1980 ni fóònù alágbèéká wa fi ń bá òpó sọ̀rọ̀ lórí 3G ní Nàìjíríà, ẹni tó bá ń lo ti Amẹ́ríkà níbí ń dí nẹ́tíwọ̀kì àwọn aládùúgbò lọ́wọ́ láì mọ̀, NCC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ tẹlifóònù, ò sì fẹ́ ẹ̀rọ tí wọn ò bá tíì fọwọ́ sí. Nítorí náà tí ti oníṣọ́ọ̀bù Kútọ̀ yẹn bá jẹ́ tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, bó ti wù kó dọ́ṣọ̀ tó, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Ìdí tí mo fi ń pariwo béèsì nìyí. Béèsì ni ìyá, àwọn fóònù tó kù ọmọ ẹ̀ ni. Òun ni láìnì ń wọ̀, òun ló ń rántí fóònù tó jẹ́ tiẹ̀, àwọn ọmọ kò fẹ́ ju ìjókòó ṣájà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì iná lọ, ẹ lè gbé wọn síbikíbi láì fa okùn kankan. Iye ọmọ tí béèsì lè gbà ti wà nínú ẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti ṣe é, ẹ ò lè tún un ṣe. Òmíì mẹ́rin, òmíì mẹ́fà, ó ní èyí tó ń gba méjìlá, ó sì ní oní-méjì tí kò gba ẹlẹ́ẹ̀kẹta rárá. Oníṣọ́ọ̀bù á kàn sọ pé "ó ń gbà á," ẹ ní kó ka nọ́ńbà yẹn fún yín lára páálí. Kẹ́ ẹ sì bèèrè bóyá wọ́n ṣì ń ta ẹyọ fóònù rẹ̀ lọ́tọ̀, torí béèsì tó ń gba mẹ́fà tí kò sí ọmọ ẹ̀ lọ́jà mọ́, kí la fẹ́ fi ṣe? Wọ́n á ní GAP wà lára ẹ̀, pé fóònù ilé iṣẹ́ mìíràn lè wọlé. Òótọ́ ni, tí ìgbì wọn bá ti jọra, ó lè pè kó sì gbà, ṣùgbọ́n àwọn nǹkan bí ìwé nọ́ńbà inú béèsì lè má wọlé sí i. Mo lo irú ẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ó sú mi, mo padà sí oníṣẹ́ kan náà.

Ẹ ò sọ irú láìnì tẹ́ ẹ fẹ́ lò. Okùn tẹlifóònù ayé ìgbà yẹn ti kú ní ọ̀pọ̀ ilé, béèsì tó ní ojú okùn nìkan kò ní rí ibi fi ẹnu sí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn irú ẹ̀, ẹ wá àpótí kékeré tó ń gba SIM, tó ní ojú okùn tẹlifóònù lẹ́yìn, ẹ ó so béèsì mọ́ ọn. Tàbí kẹ́ ẹ ra béèsì tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti ara router, bíi Grandstream DP750 tó ń gba fóònù márùn-ún, ṣùgbọ́n ìyẹn nílò àkántì VoIP, ìyẹn ti pípe fóònù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì lè dàrú mọ́ ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà lójú. Èyí tí mo fẹ́ràn jù fún ilé bíi tiwa ni béèsì tó ń fi Bluetooth mú fóònù alágbèéká. Fóònù mi ń bẹ lójú fèrèsé òkè níbi tí nẹ́tíwọ̀kì wà, béèsì wà nítòsí ẹ̀, tí ẹnikẹ́ni bá pe nọ́ńbà mi, Bàbá gbé e nísàlẹ̀ níbi tí GSM ò ti gbé rárá. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wọn kọ́kọ́ pè wọ́n báyìí láti Ìbàdàn, wọ́n ń wo fóònù yẹn lọ́wọ́ bíi pé ẹnì kan wà nínú ẹ̀. Irú oní-Bluetooth yìí pọ̀ nínú ti Amẹ́ríkà, ẹ fara balẹ̀ wá ti Yúróòpù. Íńtákọ̀mù láti yàrá sí yàrá kò sì nílò láìnì tàbí owó fóònù rárá, fún Màmá yín ìyẹn gan-an ló ṣe pàtàkì jù.

Iná wá ńkọ́. Lóru ọjọ́ kan wọ́n mú iná lọ, mo gbọ́ ọ̀pá lábẹ́ àjà, mo sáré sọ̀kalẹ̀. Bàbá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń mí pẹ̀lú agbára, fóònù wà lọ́wọ́ wọn tí àtàǹpàkò wọn ṣì ń tẹ bọ́tìnnì yẹn, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá. Bátìrì fóònù kún dáadáa. Béèsì lókè ni kò níná, tí béèsì bá sì ti kú, fóònù méjì tó wà nínú ilé kan náà kò lè bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọ̀dọ̀ béèsì ni ohùn wọn ń gbà kọjá. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi nígbà tí mo ń rà á. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ra ínfátà kékeré, béèsì àti router nìkan ni mo so mọ́ ọn, béèsì kò mu iná púpọ̀, ó ń gbé e di òwúrọ̀. Panasonic ní àwọn kan tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá gbé fóònù kan lé béèsì, bátìrì fóònù yẹn lá máa gbé béèsì ró tí iná bá lọ, ó dáa, ṣùgbọ́n fóònù yẹn ò ní kúrò níbẹ̀ o, ẹ ó ní òmíì tẹ́ ẹ ó máa lò.

Bátìrì: ẹ ra èyí tó ń lo AAA méjì tí a lè rà níbikíbi, NiMH, 1.2 fóltì, tó ń gba ṣájì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki bátìrì rìmóòtù bọ̀ ọ́. Ọmọ wa kan ṣe é, nígbà tí mo ṣí ẹ̀yìn fóònù, omi funfun ti yọ, ó ti gbẹ mọ́ irin ẹ̀, ó sì ti jẹ ẹ́.

Wọ́n á kọ ọ́ sí páálí pé ó ń dé 50 mítà nínú ilé, 300 níta gbangba. Nínú ilé wa, ògiri mẹ́ta péré, ohùn ti ń já. Ojú àtẹ̀gùn lókè, láàárín ilé, tí kò jìnnà sí fóònù ojú fèrèsé yẹn, ni mo gbé béèsì sí níkẹyìn, ó jìnnà sí fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n, mo ní kí ọmọ máa ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta sí mi létí bí mo ṣe ń rìn lọ sí ilé ìdáná, ibi tó ti já ni mo sàmì sí. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ra ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Fún Màmá, ẹ mú èyí tí bọ́tìnnì ẹ̀ tóbi, tí ohùn ẹ̀ ń lọ sókè dáadáa, kẹ́ ẹ bèèrè bóyá wọ́n lè fi bọ́tìnnì kan ṣoṣo pe gbogbo fóònù ilé lẹ́ẹ̀kan. Bàbá mi ò lè rántí tẹ èyí kó tó tẹ ìyẹn. Téèpù pupa ni mo lẹ̀ mọ́ bọ́tìnnì íńtákọ̀mù tiwọn, kódà nínú òkùnkùn wọ́n ń fọwọ́ mọ̀ ọ́n.

Tẹ́ ẹ bá padà lọ sí Kútọ̀, ẹ yí béèsì yẹn padà kẹ́ ẹ ka ìdí ẹ̀ àti ti ádápítọ̀ fúnra yín. Bó bá jẹ́ 120 fóltì tàbí DECT 6.0 lẹ rí níbẹ̀, ẹ dá a padà fún un. Bó bá jẹ́ 230, ẹ kọ nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì ẹ̀ síbí, màá bá yín wo iye ọmọ tó ń gbà.